Orílẹ̀-èdè Tó Ń Jò

Ìyá aránṣọ tutọ́ sókè, ó fojú gbà á. Inú tó bí i lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá gbé ìkòkò lé e lórí, á hó!

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òǹkọ̀wé tó kú sí ìdálẹ̀, ló kọ lẹ́tà sí i fún ogún ọdún. Ilé ìtẹ̀wé ìjọba fẹ́ fi wọ́n ṣe ìwé. Wọ́n ti tẹ ẹ̀dà tí yóò yẹ̀ wò, ó kù kó fọwọ́ síwèé àṣẹ. Ó wọ jígí, ó jókòó níwájú olóòtú, ó ń kà á sókè.

"'Àbúrò mi, ṣé o rántí ìgbà tí orílẹ̀-èdè ń jò sí wa lórí, tí mo ń fi abọ́ gbe omi?' Orílẹ̀-èdè wo ló ń jò? Ilé bàbá wa ló ń jò! Ilé ló kọ síbẹ̀!"

Olóòtú rẹ́rìn-ín músẹ́. "A pa á dà ni, mà. Àwọn ọmọléèwé ló máa kà á. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé akọni orílẹ̀-èdè wa ni ẹ̀gbọ́n yín. Kọ̀ǹpútà ló bá wa pa gbogbo 'ilé' dà lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ó kúkú hàn! 'Ẹ̀rù máa ń bà ọ́, èmi ni mo ń sìn ọ́ lọ sí orílẹ̀-èdè ìgbọ̀nsẹ̀.' Háà! Ẹ wo ohun tí ẹ fi sí òkú lẹ́nu!"

Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. Akọni wo? Ṣebí orílẹ̀-èdè yìí náà ló gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, torí pé ó kọ ohun tójú rẹ̀ rí. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹnubodè ni wọ́n ti dá a padà. Òun nìkan ló sin ìyá wọn, ó sì ń dùn ún wọra títí dòní.

Ó ṣí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. "'Mi ò ní orílẹ̀-èdè mọ́. Orílẹ̀-èdè wa nìkan ni mo ní.' Ìwọ ọmọ yìí, kí ni ìtumọ̀ èyí?" Ó na lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí i lójú. "'Ilé wa nìkan ni mo ní.' Ohun tó kọ nìyẹn!"

Olóòtú họ orí. "Ẹ má bínú, mà. Ìyẹn ò le. A ó kàn yọ ọ́ kúrò."

"Kí ẹ yọ ọ́ kúrò? Ṣebí ẹ ti yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò nígbà tó wà láàyè!"

Ó fa ìwé àṣẹ náà ya sí méjì, ó kó àwọn lẹ́tà rẹ̀ sínú báàgì, ó gba ilé lọ.