Ilé Akínfẹ́nwá Kò Tíì Dáhùn

Ìyá Jọmílójú pa fóònù rẹ̀, ó rì í mọ́ inú àpò ègé aṣọ, ó sì jókòó lé e lórí bí adìyẹ tó ń sàba. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Sìlífátù aránṣọ ló sá pamọ́ sí, títì mẹ́ta sí ilé rẹ̀. Bí àwọn ará ẹgbẹ́ bá bá a nílé, kíkanlẹ̀kùn lásán nìyẹn. Òun fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á wá òun. Bí wọn ò bá wá òun, a jẹ́ pé òun ti di èrò ẹ̀yìn, kóun náà tètè gbà bẹ́ẹ̀.

Ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yìí ni Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìdó-Ọ̀sà ń pe ìpè ọdọọdún, nínú gbọ̀ngán tí wọ́n háyà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní àdúgbò Ọgbà. Erékùṣù kékeré ni Ìdó-Ọ̀sà. Àwọn tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ kò ju ogójì lọ. Ẹgbẹ́ ló ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń gbé tíṣà lọ bá àwọn ọmọ wọn, ẹgbẹ́ náà ni kò sì jẹ́ kí ìpè parẹ́. Láyé àtijọ́, bí àwọn apẹja bá ti omi dé, àgbà kan á máa pe agboolé kọ̀ọ̀kan. Bí ilé kan ò bá dáhùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ títí wọ́n á fi wá ẹni tó sọnù kàn. Nísinsìnyí, Ọgbà ni wọ́n ti ń pè é, àwọn ará erékùṣù á sì máa gbọ́ ọ lórí fóònù.

Ìyá Jọmílójú nìkan ló kù tó ń dáhùn fún ilé Akínfẹ́nwá.

Ẹ̀bi rẹ̀ ni, ó mọ̀. Òun ni wọ́n ní kó kọ́ àwọn ọmọdé ní orin ìtukọ̀, òun ló sì ki ẹsẹ tó sọ̀rọ̀ ìdí ìyàwó apẹja bọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ gbé e lọ kọ níwájú wòlíì tó wá gbàdúrà fún ẹgbẹ́. Wòlíì pàápàá ti jó dé ìdajì kó tó yé e. Ni Olúgbénró wẹ́dà, alága ẹgbẹ́, bá bẹ̀ ẹ́ kó sinmi, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún Tèmilọlá, ọmọ tí kò mọ omi ju ti báàkẹ́tì lọ. Ọ̀rọ̀ “ẹ sinmi” yẹn ló dùn ún jù. Òkú ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Agogo márùn-ún kọjá. Ó ti fi ìbínú jẹ àgbàdo sísè mẹ́rin. Ìbínú kò da nǹkan fún ni, bí wọ́n ti ń wí. Fún òun, inú rírun ló dà. Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, àgbàlagbà tó sá pamọ́ bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Wọ́n ti fo ilé Akínfẹ́nwá nìyẹn. Wọ́n á ti máa bu ìrẹsì.

Sìlífátù gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣìnnì.

“Ìyá Jọmílójú, ta lẹ ṣẹ̀? Àwọn kan gbé ọ̀pá ọkọ̀ omi bọ̀ lójú títì.”

Ó yọjú. Wọ́n lé ní ogún. Olúgbénró gbé ọ̀pá ìtukọ̀ gígùn, Tèmilọlá fi àwọ̀n kọ́ èjìká, nítorí bí àṣà wíwá ẹni tó sọnù ti wí nìyẹn, bí ò tilẹ̀ sí omi ládùúgbò náà ju ti gọ́tà lọ. Ọlọ́kadà kan ló júwe ibi tó wọ̀ fún wọn. Ojú Tèmilọlá ti pọ́n.

Olúgbénró rí Ìyá Jọmílójú, kò sì bá a wí. Ó kàn gbé fóònù sókè, ó pe ilé rẹ̀ bó ṣe máa ń pè é:

“Ilé Akínfẹ́nwá?”

Lórí fóònù náà, wọ́n gbọ́ ọmọdé kan láti Ìdó-Ọ̀sà tó ń sunkún ebi, tí wọ́n ń pa lẹ́nu mọ́.

“A wà,” ni Ìyá Jọmílójú wí. “A wà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Màmá,” Tèmilọlá ní, “a ti wá yín dé mọ́ṣúárì.”

“Ṣé ẹ ò bá mi níbẹ̀?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Jọmílójú fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, àgbà tó ń kúnlẹ̀ fọ́mọ. Kí orúnkún tó kanlẹ̀, Tèmilọlá ti gbá a mú. Olúgbénró fa ìlà sí orúkọ ilé náà nínú ìwé ìpè. Kò tíì kọjá ibẹ̀ láti agogo méjì.

“Ilé Ọládùnní?” ó pè, níwájú ṣọ́ọ̀bù náà.

Lọ́dọọdún, bí Ìyá Jọmílójú bá ti dáhùn tirẹ̀ tán, ìkòkò ọbẹ̀ ló máa ń kọjú sí. Lónìí, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, èérún àgbàdo ṣì wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ẹnìkan dáhùn. Ìyá Jọmílójú mí kanlẹ̀. Olúgbénró tún pe òmíràn, ìyá náà sì tún di èémí mú, ó ń dúró de ohùn wọn.