Ọ̀rọ̀ tí Tíṣà Fòfin Dè

"Ẹ… ẹ… àárọ̀ o, sà!"

Ọ̀gá ilé-ìwé dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kẹta. "Ṣé eyín ló ń dun gbogbo yín ni?"

Tíṣà fi ẹ̀rín bò ó. Òun ló fà á. Lánàá, nígbà tó gbọ́ pé ọmọ onígbàjámọ̀ ń padà bọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ̀, ó kìlọ̀ fáwọn yòókù: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe "kú" létí ọmọbìnrin náà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Kò ronú kan ìkíni rárá. Òfin sì ni òfin lójú ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ.

"Rò lórí àga mi!" ni ọ̀kan ń jágbe mọ́ èkejì.

Ìgbà tí ìṣirò dé, tíṣà ní, "Ẹ yọ mẹ́ta kúrò nínú mẹ́jọ."

"Hàà!" ni gbogbo kíláàsì ké. Tíṣà fọwọ́ bo ẹnu. Ó nawọ́ sí ọmọkùnrin kan. "Ó ku mélòó?"

"Ó… márùn-ún, mà."

"Ó kí ni?"

"Mà, ìyẹn náà jọ ọ́."

Ọmọ onígbàjámọ̀ dìde. "Tíṣà, kí ni mo ṣe fún wọn? Látàárọ̀, ẹnì kan ò kí mi."

"O ò ṣe nǹkan kan," ni tíṣà wí. " Ọ̀rọ̀ kan ni a ò fẹ́ kó o…"

"Kú?" ni ọmọ náà bá a parí rẹ̀. "Ṣebí bàbá mi kú. Ṣebí gbogbo yín ló mọ̀."

Ọmọkùnrin kan fọwọ́ kan orí lẹ́yìn. "Àwọn bàbá ẹ ló gé irun mi yìí. Màmá mi ní kí n lọ tún un gé níbòmíràn. Mo kọ̀."

Ọmọbìnrin náà lọ bá a, ó ń yí orí náà sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń ra ọsàn. "Apá òsì wọ́. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní orí ẹ ló wọ́."

Ẹ̀rín bú gbàmù.

"Wọ́n fi abẹ kàn mí létí rí," ni òmíràn wí, "wọ́n wá fi bisikíìtì bẹ̀ mí!"

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Tíṣà sáré mú ìnujú. Kó tó débẹ̀, ọmọ mẹ́rin ti fi apá aṣọ nù ún lójú títí ojú fi pọ́n.

Tíṣà dúró sáàárín àga. Ó rántí ọjọ́ tí ọmọ tirẹ̀ ń sunkún níwájú abẹ, tí onígbàjámọ̀ náà kọ́kọ́ fá ìlàjì orí ara rẹ̀ kí ẹ̀rù lè kúrò lára ọmọ. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tó máa fi wo ara rẹ̀, ó ti nawọ́ sókè, ó ń dúró kí wọ́n pe òun.