Ọbẹ̀ Àtẹ́ Ilé Oyèkànmí

“Ìyá Táyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ sọ ara yín di opó ni?”

Dókítà Fọlárìn ló sọ ọ́, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Ó ṣì ń tú rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kúrò lápá Oyèkànmí lọ́wọ́. Àwọn wẹ́dà, ajórin bíi tirẹ̀, tó tò sórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá páànù tí ẹgbẹ́ wọn fi ń ṣèpàdé, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Òkokomáíkò, gbọ́ ọ kedere. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, “Oyè, tètè sá o! Wọ́n fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù mọ́ ẹ lọ́wọ́!” Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín.

Adéníkẹ́, ìyàwó Oyèkànmí, dúró lẹ́nu ọ̀nà, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Oníbàárà ló fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ní Dókítà fẹ́ rí i.

Láti ìgbà òjò ni Fọlárìn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá láti ilé ìwòsàn ńlá kan. Ìwádìí ni wọ́n ń ṣe lórí ohun tó ń fa àrùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àti bí èèyàn ṣe lè dènà rẹ̀. Wọ́n béèrè ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tó ń mu ọtí, àti irú ikú tó pa bàbá oníkálukú. Wọ́n wọn ìfúnpá gbogbo wọn. Ti Ògúnlànà ló ga jù, ti Oyèkànmí ló tẹ̀ lé e. Ògúnlànà sì ti wà nílé báyìí, apá kan ẹsẹ̀ kan ò ṣiṣẹ́ mọ́, ìyàwó rẹ̀ ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Nítorí náà, ìgbà tí Dókítà ní kí Oyèkànmí jáwọ́ nínú iyọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún Adéníkẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ya ìkòkò kékeré kan sọ́tọ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ó fi alùbọ́sà, efinrin àti irú tí wọn ò fi iyọ̀ sí wá adùn fún un, ó sì ń gbàdúrà sí ìkòkò náà kó tó gbé e sọ̀ kalẹ̀.

“Dókítà, n kì í fi iyọ̀ sí oúnjẹ wọn. Ẹyọ kan bí orí abẹ́rẹ́, n kì í fi sí i.”

“Màdáámú, ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ mí, kò sì mọ̀ yín. Ó ń lo oògùn, ìfúnpá rẹ̀ tún ń gòkè sí i. Ohun tí ẹ ń gbé fún un nílé ni.”

Adéníkẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ń retí kó sọ̀rọ̀. Oyèkànmí tẹrí ba, ó ń de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó de é, ó tú u, ó tún un dè.

Ẹsẹ̀ ni Adéníkẹ́ fi rìn padà sí Ìbà. Ó mọ̀ pé bí kọ̀ǹdọ́ ọkọ̀ kan bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ sí òun lọ́jọ́ náà, òun á gbá a lójú. Ó ń dá sọ̀rọ̀ lọ́nà. “Èmi? Èmi ni mo fẹ́ pa ọkọ mi? Ọlọ́run, Ìwọ ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí.”

Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Ìyá Oyèkànmí wà nílé ìdáná, nínú sùtánà funfun rẹ̀. Ìyá náà ti wá láti Ìlaró nígbà tí Adéníkẹ́ bí ọmọ rẹ̀ kejì, kò sì tíì padà. Ó ṣí ìkòkò kékeré náà sílẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ṣe àmì àgbélébùú lórí ọbẹ̀, ó dà á sí i, ó ń rò ó, ó sì ń ki ọmọ rẹ̀:

“Àkànbí ọkọ mi, ọmọ adúró-ginrin-níwájú-iná, ọmọ ajíwẹ̀ wọ àlà. Ayé rẹ ò ní tẹ́. Ayé rẹ á dùn, á dùn, á dùn—”

“Màmá!”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ìyá. “Jésù! Ìyàwó, ṣé o fẹ́ pa mí ni?”

“Ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa èèyàn!”

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí Adéníkẹ́ tó rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Kò kúnlẹ̀. Kò tọrọ àforíjì.

“Ta lò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún?” Ìyá so gèlè rẹ̀ le. “Èmi tí mo bí i? Gbọ́ o, Ọbàtálá ló ń jẹ àtẹ́! Àwọn tó ń bọ òòṣà ló ń se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Ilé òòṣà ni wọ́n bí mi sí, mo mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tí mo wọ aṣọ Jésù ni mo sì ti jáde níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ yìí lórúkọ, iyọ̀ la fi tọ́ ọ lẹ́nu. O wá fẹ́ gba iyọ̀ lẹ́nu ẹ̀, kó o máa gbé oúnjẹ òòṣà fún un? Wòlíì fúnra wọn ló gbàdúrà sí iyọ̀ yìí. Iyọ̀ àdúrà ni!”

“Màmá, tó bá ti dénú ẹ̀jẹ̀, iyọ̀ ni.”

“Má kọ́ mi! Bàbá ẹ̀ jẹ iyọ̀ títí ó fi kú.”

“Kí ló pa wọ́n?”

“Ayé ni! Ó jókòó, ó ń bá wa ṣàwàdà, ó kàn ṣubú, ẹnu ẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí kì í bá ṣe ayé, kí ni?”

“Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹnu Ògúnlànà ṣe wọ́, Màmá.”

“Má fi ọmọ mi wé e! Ìwọ rò pé ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo ti ń ṣe é? Lọ bi ọkọ ẹ. Òun fúnra ẹ̀ ló bẹ̀ mí.”

Nígbà tí Oyèkànmí dé, iṣu gbígbóná nìkan ló bá lórí tábìlì.

“Ọbẹ̀ dà?”

“Mo ti dà á nù. Bàbá Táyọ̀, ẹ mọ̀ pé Màmá ń fi iyọ̀ sí i?”

Oyèkànmí fọwọ́ pa ojú. “Níkẹ́, o ò mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ páálí. Mo dúró ti iná látàárọ̀, kí n wá délé wá jẹ páálí? Mo ní kí Màmá bá mi tún un ṣe díẹ̀. Mi ò fẹ́ kí inú bí ẹ ni.”

“Ẹ ò fẹ́ kí inú bí mi! Wọ́n ní mo fẹ́ pa yín, àwọn ọ̀rẹ́ yín ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ ń de bọ́tìnì!”

“Ojú ló tì mí.”

“Ojú tì yín, ẹ wá gbé ìtìjú yín wọ̀ mí bí ẹ̀wù.” Ó ti abọ́ iṣu náà sápá kan. “Ọ̀la ni Dókítà ń bọ̀ wá parí ti àwọn tó kù. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta là ń lọ. Ẹ ó fẹnu ara yín sọ ọ́ níwájú àwọn tó rẹ́rìn-ín. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ẹ yáa máa wá ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún yín, nítorí mi ò ní gbọ́únjẹ kí n tún gba ẹ̀sùn ikú yín mọ́ ọn.”

Ìyá wà nínú yàrá, ó ń gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lójú Adéníkẹ́ àti ìyá rẹ̀, Oyèkànmí dìde láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wúkọ́ díẹ̀ láti la ọ̀fun. “Ohun tí Dókítà bá ìyàwó mi wí lánàá, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Èmi ni mo ń jẹ iyọ̀. Mo mọ̀, mo dákẹ́.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó pariwo lánàá ní, “Dókítà, ká sòótọ́, iyọ̀ tèmi wà nínú àpótí irinṣẹ́.”

“Ẹ má bínú, Ìyá Táyọ̀,” ni Fọlárìn wí.

“Mò ń bínú, Dókítà. Láti ìgbà òjò lẹ ti ń di apá àwọn ọkùnrin mú, ẹ ò tíì yọjú sí ilé ìdáná ẹnì kankan. Ọkọ mi ló jíṣẹ́ yín fún mi. Ta ló jẹ́ ẹ fún Màmá? Ẹ wọn àwọn náà.”

“Àwọn wẹ́dà nìkan ni ìwádìí wa—”

“Ṣé àwọn wẹ́dà ló ń se oúnjẹ ara wọn? Ẹ wọn Màmá!”

“Kó wọ̀n mí,” ni ìyá dáhùn, ó ti ń ká apá sùtánà rẹ̀ sókè. “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbààwẹ̀ tán. Ẹ ó rí i pé kò sóhun tó ń ṣe ara tí wọ́n ń fi iyọ̀ àdúrà bọ́.”

Fọlárìn fẹ́ rọ́bà náà, ó fi etí sílẹ̀, ó tú u. Ó tún un fẹ́. Ó bọ́ sí apá kejì. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Màmá, ṣé orí kì í fọ́ yín?”

“Àgbà wo lorí ẹ̀ kì í fọ́?”

“Tiyín ga ju ti ọmọ yín lọ, Màmá. Ó ga jù ú lọ gan-an.”

Ìyá ń wo apá ara rẹ̀ bí ẹni ń wo apá àlejò.

“Dókítà, ẹni tó jókòó, tó ń ṣàwàdà, tó kàn ṣubú, tẹ́nu ẹ̀ wọ́... ṣé irú èyí ló ń pa á?”

“Ó lè jẹ́ òun, Màmá. Òun ló sábà máa ń jẹ́.”

“Owólabí ni mo fẹ̀sùn kàn,” ni ìyá wí, bí ẹni pé kò sẹ́lòmíì nínú yàrá náà. “Àbúrò ọkọ mi. Mo ní òun ló pa á. Mo sọ ọ́ lójú ará ilé, ó sunkún, ó búra. Títí tá a fi sin òun náà, mi ò kí i.”

Oyèkànmí dojú kọlẹ̀. Adéníkẹ́ ti kó ọ̀rọ̀ púpọ̀ jọ sẹ́nu láti àná, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún ìyá yìí lójú gbogbo ayé. Ó wá a, kò rí i. Inú ṣì ń bí i, àmọ́ kò mọ ibi tí yóò gbé e lé mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa apá sùtánà náà wálẹ̀ fún un.

“Ẹ dìde, Màmá,” ló wí, kò sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. “Ẹ jẹ́ ká lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Ìkòkò àtẹ́ kan ṣoṣo ni ilé wa yóò máa jẹ láti òní lọ.”

Ìyá na ọwọ́ sí i kó fa òun dìde.