Máàkì Inú Ṣọ́ọ̀bù

"Tún un kà," ni télọ̀ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ti ka èsì ìdánwò náà fún un lẹ́ẹ̀mejì.

"Mọ́kànlélógójì ni, Bàbá."

Mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún, àádọ́rin sì ni iléèwé àwọn nọ́ọ̀sì ń béèrè. Télọ̀ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ bí ẹni pé ìdọ̀tí ló bo máàkì tó kù mọ́lẹ̀. Mọ́kànlélógójì náà ló tún rí.

Ọmọ yìí kì í gba máàkì tó kéré sí àádọ́rùn-ún nínú ṣọ́ọ̀bù. Oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi múra ìdánwò àṣewọlé yìí sílẹ̀. Bí ọmọ bá ń rán bọ́tìnnì, bàbá á ṣí ìwé ìbéèrè àtijọ́ sórí tábìlì máṣíìnì, á ka ìbéèrè àti ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, á sì máa fẹsẹ̀ wa máṣíìnì lọ. Ọmọ á mú ọ̀kan, bàbá á yọjú wo ẹ̀yìn ìwé, á sàmì sí i. Kò sí oníbàárà tó wá wọn aṣọ tí kò gbọ́ nípa máàkì náà. Wọ́n ti ń pe ọmọ ní Nọ́ọ̀sì, bàbá ló sì máa ń bá a dáhùn.

Àbúrò télọ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, ti ní kí ọmọ wá máa ṣe ìbéèrè àtijọ́ náà lọ́dọ̀ òun, kó dá jókòó ti ìwé àti aago. Níwájú ẹbí ni télọ̀ ti bi í pé kí ni ọmọ tó ń gba àádọ́rùn-ún fẹ́ kọ́ lọ́dọ̀ tíṣà àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi àbúrò rẹ̀.

"Àbí ara rẹ ò yá lọ́jọ́ náà ni?" télọ̀ bi ọmọ.

Ọmọ sorí kọ́.

"Bàbá, tí mo bá ti ṣì í níbí, ẹsẹ̀ yín máa ń dúró lórí máṣíìnì. Tí mo bá ti gbọ́ pé máṣíìnì dákẹ́, màá mú òmíì. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n náà ni. Ìgbà tí mo dé gbọ̀ngàn ìdánwò, ibẹ̀ dákẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin."

Télọ̀ fẹ́ bínú, àmọ́ inú náà kò bí i. Ó mọ̀ pé òun ń gbọ́ ọ nígbà tó bá yí ìdáhùn padà. Èyí tó gbẹ̀yìn ló máa ń sàmì sí, nítorí máàkì ọ̀hún ń dùn mọ́ ọn. Ká ní ọmọ ẹlòmíì ló ṣe bẹ́ẹ̀, màgòmágó ni ì bá pè é. Ojú tì í, kò sì lè wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀," ó ní. "Èmi tí ìdáhùn wà lọ́wọ́ mi ni."

Ìdánwò mìíràn ku oṣù mẹ́rin. Télọ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó forí lé ilé àbúrò rẹ̀. Oníbàárà kan béèrè Nọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà, télọ̀ ní èsì ò tíì jáde. Èkejì béèrè, kò lè parọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọmọ fìdí rẹmi, ó sì yára kọjá.

Ó bá àbúrò rẹ̀ níwájú ilé, níbi tó ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ gbé àga fún un, télọ̀ kò jókòó.

"Mọ́kànlélógójì ló gbà," télọ̀ sọ. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ níwájú ẹbí, kò dáa rárá. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Jọ̀ọ́, gbà á sọ́dọ̀."

Àbúrò rẹ̀ ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ìyẹn gan-an ló tún dùn ún jù. Ó kàn fa ìwé kan yọ.

"Kó máa bọ̀ lọ́la. Bọ̀ọ̀dá mi, máàkì mélòó gan-an ló ń gbà lọ́dọ̀ yín, kí n lè mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀?"

Télọ̀ lanu láti sọ àádọ́rùn-ún, nítorí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ó pa ẹnu dé.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "A ò tíì dán an wò rí."