Ibi tí Meirion Ń Lọ ní Gbogbo Ọjọ́rú

Mò ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí Eluned Pugh yọ orí lókè ògiri kúkúrú tó pààlà ilé wa méjèèjì. Kò kí mi. Ó ní, "Morfudd, Meirion ti ní obìnrin níta."

Díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín. Meirion Pugh? Ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ní kó jáde wá jó níbi ìgbéyàwó, á ní orúnkún ń dun òun? Àmọ́ nígbà tí mo wo ojú ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ wú díẹ̀, bó ṣe máa ń wú látìgbàdégbà, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Ṣé mi ò lójú ni?"

Ó ní láti ìgbà Àjíǹde, gbogbo Ọjọ́rú ni Meirion ń wọ kóòtù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á fọ ẹnu títí bíi pé ó fẹ́ bó eyín láwọ̀, á sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú ńlá Kaadifi. Ọ̀dọ̀ Idwal ló ní òun ń lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wa bọ́ọ̀sì. Níjẹta, Eluned pàdé ọmọ Idwal níwájú ìsọ̀ alápatà, ọmọ náà sì sọ fún un pé bàbá òun ti kó lọ bá ẹ̀gbọ́n òun ní Shrewsbury láti ìgbà Àjíǹde.

"Idwal ò sí ní Kaadifi, Morfudd! Ta wá ló ń lọ kí?"

"Bóyá ó kàn..."

"Dúró, mi ò tíì parí. Ó ń fọwọ́ bo ẹnu tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá sún mọ́ ọn, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lálẹ́ àná, fóònù rẹ̀ dún, ló bá gbé e wọ kíṣìnnì, ó ti ilẹ̀kùn. O sì mọ̀ pé etí rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ńṣe ló máa ń gbé ohùn fóònù sókè. Ohùn ọmọdébìnrin ni mo gbọ́, Morfudd. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já mi kulẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní.'"

Ọwọ́ mi dúró lórí okùn aṣọ. "Kí ni Meirion wá sọ?"

"Ó ní, 'Fọkàn balẹ̀, Heledd. Mo ń bọ̀ dandan.'"

Ibẹ̀ la ti pinnu pé Ọjọ́rú tó ń bọ̀, a ó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Kí n má purọ́, èmi gan-an fẹ́ rí ojú Heledd náà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Meirion wọ iwájú ọkọ̀ ní tẹ́ṣàn ìlú wa, Cwm Rhedyn, àwa wọ ẹ̀yìn pátápátá. Eluned dé fìlà òjò olóògbé ọkọ mi, ó fà á wálẹ̀ dé ojú. Gbogbo ọ̀nà ló ń jẹ kànáfùrù lẹ́nu, tó ń fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Kànáfùrù ti di oògùn gbogbo wa láti ìgbà tí dókítà eyín kan ṣoṣo tó kù nílùú wa ti ní ẹni tó bá lè san owó gọbọi nìkan lòun ń tọ́jú mọ́. A ti pe àwọn dókítà eyín ìlú mìíràn, láti òkè àfonífojì dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti kọ orúkọ wa sílẹ̀, ká máa retí. Ọdún kẹta rèé tí Eluned ti ń retí. Gethin, ará òpópó kejì, kò retí ní tirẹ̀: ẹ̀mú tó fi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló fi fa eyín ara rẹ̀ yọ, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí a dé Kaadifi, Meirion kọ́kọ́ yà sí ọjà. Ó ra àkàrà pẹlẹbẹ eléso àjàrà, èyí tí wọ́n ń dín lórí irin gbígbóná, odindi àpò kan. Eluned já mi léèékánná lápá.

"Ṣé o rí i? Ogójì ọdún! Kò rà á fún mi rí àfi tí mo bá rán an!"

Ó rìn, a rìn. Kò wo ẹ̀yìn, ara rẹ̀ sì yá gágá bí ẹni tí wọ́n ń retí níbì kan. Ó wá wọ ilé gíga kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ tí wọ́n ń jáde, olúkúlùkù pẹ̀lú àpò lẹ́yìn.

"Ọmọ ilé-ìwé!" ni Eluned ní. "Olúwa o, ọmọ ilé-ìwé ló ń gbé!"

Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín sí wa. "Ẹ káàsán mà. Ta lẹ fẹ́ rí?"

"Heledd."

"Àjà kejì ni. Àmọ́ ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí."

"Mo mọ̀! Ọkọ mi ni!"

"Háà, ẹ̀yin ni ìyàwó Bàbá Pugh? Ẹ kú oríire, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Gbogbo wa la fẹ́ràn wọn níbí."

"Gbogbo yín?"

Èmi ti rí àwòrán eyín ràgàjì kan lára ògiri, nǹkan sì ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kí n tó la ẹnu, Eluned ti ń gun àtẹ̀gùn lọ. Yàrá gbọọrọ kan ló wà lókè, tí wọ́n fi pákó kéékèèké pín sí ọ̀pọ̀ igun. Láti igun kan la ti gbọ́ ohùn ọmọbìnrin.

"Ẹ rọra, Bàbá. Ṣé ó ń dùn yín?"

"Ùn-ùn."

"Ẹ fara dà á, ó ti ń parí lọ."

Eluned já wọ ibẹ̀ bí ìjì. "Meirion Pugh! Dìde níbẹ̀!"

Orí àga gígùn ló dùbúlẹ̀ sí, aṣọ pépà láyà bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lóúnjẹ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu, iná ń tàn wọ inú rẹ̀. Ọmọbìnrin tín-ín-rín kan ló bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó bo imú àti ẹnu. Ìbẹ̀rù mú ọmọ náà, irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Meirion fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ abẹ́rẹ́ ti pa ètè rẹ̀ kan kú. Itọ́ nìkan ló jáde.

"Yọ nǹkan yẹn lójú, kí n rí ọ," ni Eluned sọ fún ọmọ náà.

Ó yọ ọ́. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni, ojú rẹ̀ kún fún omijé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo ti ṣe wọ́n léṣe ni? Ṣé ẹjọ́ mi lẹ wá fi sùn?"

Obìnrin onírun funfun kan yára dé. Dókítà Prosser lorúkọ rẹ̀, òun ni ọ̀gá tó ń bójú tó wọn. Ó rọra ṣàlàyé: ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín nìyí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń tọ́jú èèyàn, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀.

"Kò sí ẹni tó ń ṣe nǹkan lásán," ni Eluned dá a lóhùn. "Kí lẹ ń rí níbẹ̀?"

"Ẹnu ọkọ yín là ń rí níbẹ̀, mà. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò lè yege láìjẹ́ pé wọ́n tọ́jú èèyàn gidi. Ohun tí èmi á fi ogún ìṣẹ́jú ṣe, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n á fi ṣe é, torí gbogbo ibi tí wọ́n bá dé ni mo gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ó máa ń sú àwọn èèyàn, wọn kì í padà wá. Àwọn méjì ti sá mọ́ Heledd lọ́wọ́. Bàbá Pugh nìkan ló kù fún un."

Eluned gba iná kékeré lọ́wọ́ dókítà náà, ó di àgbọ̀n ọkọ rẹ̀ mú, ó yẹ inú ẹnu rẹ̀ wò bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin. Ihò dúdú tó wà nínú eyín ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti dí. Èrìgì tó máa ń ṣẹ̀jẹ̀ ti jinná.

"Kí ló dé tó o fi pa irọ́ Idwal fún mi?"

Meirion nu itọ́ nù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ náà ni. Nígbà tí wọ́n kéde ibí yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló dìde? Ta ló ní ká má lọ fi ẹnu wa ṣe síléètì fún ọmọ tí ò tíì mọ iṣẹ́? Gbogbo ìjọ ló rẹ́rìn-ín. O ní ẹni tó bá lọ nínú ilé rẹ, kó má padà jẹun lórí tábìlì rẹ."

Òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Eluned gbé iná kékeré náà kalẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Èmi ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí mò ń kérora, tí ìwọ ń bá mi lọ kànáfùrù, o mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, o sì panu mọ́?"

"Mo fẹ́ fi ẹnu tèmi dán an wò ná ni. Ká ní wọ́n bà á jẹ́, kó jẹ́ tèmi ni."

"Láti ìgbà Àjíǹde? Ìdánwò wo ló pẹ́ tó yẹn?"

Meirion bẹ̀rẹ̀ sí í tún aṣọ pépà àyà rẹ̀ ṣe. Títí di òní, mi ò gbà pé òótọ́ tó sọ pé. Mo rò pé ó wù ú kí wọ́n máa pè é ní Bàbá, kí wọ́n máa bi í pé ṣé ó ń dùn yín, kí ẹnikẹ́ni má já a lẹ́nu fún wákàtí mẹ́ta gbáko. Àpò àkàrà wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló rà á fún. Heledd fi lọ Eluned. Eluned ní òun ò jẹ.

Dókítà Prosser bi í bóyá kí òun yẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú wò. Eluned ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ò kan ẹnikẹ́ni. A padà sílé, àwọn méjèèjì ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti Kaadifi dé Cwm Rhedyn.

Lọ́jọ́ Àìkú, Eluned kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo yà kí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ti wú dé ojú, ojú ọ̀tún ti pa dé, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ní kùtù ọjọ́ Ajé, Meirion pe ilé-ìwé náà, torí ó mọ̀ pé wọ́n ń gba àwọn tí ìrora wọn bá le, tí wọ́n bá tètè pè. Eluned ní òun á lọ, àmọ́ kí n dúró ti òun, kí n máa ṣọ́ ọwọ́ wọn, kí wọ́n sì fún òun ní eyín tí wọ́n bá yọ, kí wọ́n má fi ṣe ohunkóhun.

Heledd kọ́ ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọkùnrin gíga kan tó ń jẹ́ Ifor ló jáde.

"Ṣé ìwọ ni?" ni Eluned bi í.

"Èmi ni mà. Ọ̀gá mi á dúró tì mí."

"Kó dúró sún mọ́ ọ. Eyín ẹni mélòó lo ti yọ?"

"Ẹni mẹ́ta mà."

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà?"

"Wọ́n ti lọ sílé wọn, mà."

"Ṣé wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ?"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi àga hàn án. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n dúró títí ẹnu rẹ̀ fi kú. Mo wo gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ṣèlérí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ dijú. Eluned di ọwọ́ mi mú títí ó fi dùn mí. Ó wá fi ojú kan ṣoṣo tó là wò wọ́n, ó ní kí ni wọ́n ń dúró dè tí wọn ò bẹ̀rẹ̀.

"Ó ti jáde, mà," ni Ifor ní.

Ó béèrè dígí. Ó wo ẹnu ara rẹ̀ pẹ́, láti rí i dájú pé èyí tó ń dùn gan-an ni wọ́n yọ. Lẹ́yìn náà ló gbé orí padà sórí àga, ó sì sunkún ìtura, kò tilẹ̀ nu ojú.

Ṣé ó wá fọkàn tán wọn? Rárá o. Àwọn méjèèjì ló jọ ń lọ báyìí, síbẹ̀ gbogbo ìgbà ló ń bi wọ́n pé kí nìyí, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Lóṣù kẹfà, Heledd yege. Mo bá wọn lọ lọ́jọ́ náà. Heledd sáré já wọ yàrá ìdúró tí a wà, ó dì mọ́ Meirion lọ́rùn, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún. Eluned wò wọ́n títí.

"Ó tó bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," ló ní. "Tú u sílẹ̀."

Heledd tú u sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Eluned kí i kú oríire, ó fọwọ́ kọ́ ọkọ rẹ̀ lápá, ó ní ká máa lọ kí ọkọ̀ tó fi wá sílẹ̀.