Etí Tábìlì Bàbá Olójò

"Tábìlì yìí kọ́," ni tíṣà wí. Ó tún fi àtẹ́lẹwọ́ pa etí rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dun aláìsàn. Etí náà ń dán, ó sì jọ̀lọ̀ bí ara ẹyin. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Tábìlì Bàbá kọ́ lèyí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ìwé, ó ń wò ó bóyá ó dúró ṣánṣán. Kò gbójú sókè. Òun ló fá tábìlì náà, òun ló kùn ún, ta ni yóò sì ṣi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀? Ó kàn fèsì pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ fáníìṣì ló yí i lójú padà.

Yàrá bàbá bàbá wọn ni wọ́n wà. Bàbá Olójò ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà nígbà ayé rẹ̀, nítorí pé òjò ni gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ dá lé: ìgbà tó ń rọ̀, ìgbà tó ń dá, ilẹ̀ tó ń gbé lọ. Àwọn ìwé tó kọ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pinnu pé yàrá náà kò ní di ilé eku, wọn yóò sọ ọ́ di yàrá ìkàwé fún àwọn ọmọ àdúgbò. Tíṣà ń to ìwé. Àbíkẹ́yìn wọn, tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, ń fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kó ẹrù. Iṣẹ́ igi di ti káfíńtà. Lọ́la ni wọn yóò ṣí ilẹ̀kùn, káfíńtà sì ti sọ fún wọn tipẹ́ pé òun kò ní wá. Ó ní ọjọ́ àwọn oníwèé ni, kí ni aláyùn ń wá níbẹ̀?

Àárọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ tábìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Bàbá rí, tí òun náà ti darúgbó báyìí, fóònù tíṣà pé òun ń bọ̀ lọ́la, òun sì fẹ́ da ohun tó wà létí tábìlì Bàbá kọ sínú ìwé. Ó ní nígbà tí ojú Bàbá fọ́, tí kò lè kọ̀wé mọ́, ńṣe ló máa ń tẹ́tí sí òjò lórí páànù. Bí òjò bá ti dá, yóò mú ọ̀bẹ, yóò sì fi gé àmì sí etí tábìlì. Òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ojú ọ̀bẹ fẹ́lẹ́. Òjò ńlá, ojú ọ̀bẹ jíjìn. Bí ọ̀dá bá dá, á fo àyè sílẹ̀. Títí tó fi kú ló ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì sọ fún ọkùnrin náà pé ìwé òun tó kẹ́yìn nìyẹn.

Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú ilé. Gbogbo wọn ló rí ojú ọ̀bẹ wọ̀nyẹn nígbà èwe wọn, wọ́n sì gbà pé ọwọ́ ló dilẹ̀ fún arúgbó.

Tíṣà yíjú sí Kíákíá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé páálí ìwé wọlé. "Ta lo ta tábìlì Bàbá fún?"

Kíákíá rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, tábìlì tí ẹsẹ̀ ń mì? Ta ni yóò rà á?"

"O ta rédíò Bàbá nígbà tí rédíò náà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó rí oníbàárà fún odi, yóò rí oníbàárà fún arọ."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Kíákíá. Òótọ́ ni pé ó ta rédíò náà nígbà tó wà lọ́mọdé, bí wọ́n sì ti ń wá nǹkan tì nínú ilé láti ìgbà náà, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Ó sọ páálí kalẹ̀. Ó wo káfíńtà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá sí i. Ṣebí ọwọ́ yín ni mo gbé e lé, ọwọ́ yín náà ni mo ti gbà á."

Káfíńtà la ẹnu. Ohun tó jáde níbẹ̀ kò ju pé kí wọ́n fara balẹ̀ ná.

Kíákíá dúró, bóyá ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó rí i pé kò kù, ó jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Kò ṣíná ọkọ̀.

Ara káfíńtà gbóná bí ẹni tó wọ aṣọ òtútù lọ́sàn-án gangan. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé tábìlì náà dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tíṣà ti fóònù ṣáájú pé, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kí ẹ tún ṣe o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fọwọ́ kan ibòmíràn, orí rẹ̀ ni Bàbá ti kọ gbogbo ìwé rẹ̀, nǹkan ìwé ni." Nǹkan ìwé. Ó jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu títí bí ìgbà tí ènìyàn ń jẹ eegun. Kò parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀. Bàbá Olójò fúnra rẹ̀ ti sọ lójú àwọn àlejò rí pé, "Ti èyí, igi ló gbọ́, kò gbọ́ ìwé." Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ti gbàgbé, Bàbá ti kú, káfíńtà nìkan ló ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín náà.

Ó fi àtàǹpàkò kan etí tábìlì lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ tó dilẹ̀ kì í gé igi báyìí. Ọwọ́ tó dilẹ̀ a máa gé wọ́gọwọ̀gọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí tò tẹ̀léra, ọ̀kan jìn, èkejì kò jìn, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ tó ń mí sí i. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó dúró. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yẹn tún dún létí rẹ̀, nǹkan ìwé ni, ó sì gbé ayùn lé e. Ó la gbogbo etí náà kúrò, ó fi igi tuntun rọ́pò rẹ̀, ó fá a, ó kùn ún, ó ní kí wọ́n wá wo ohun tí ẹni tó gbọ́ igi lè ṣe.

Kò sì dà á nù. Káfíńtà tó bá mọyì igi kì í da igi àtijọ́ nù. Ó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, nígbà tó sì ń gbé àwọn pẹpẹ ìwé kalẹ̀ sínú yàrá yìí, tí ilẹ̀ kò tẹ́jú, àwọn ègé náà ló fi há abẹ́ ẹsẹ̀ pẹpẹ. Bó ti kúnlẹ̀ yìí, ojú ọ̀bẹ kan yọ lábẹ́ pẹpẹ, ó ń wò ó.

Tíṣà ti mú fóònù. Ó ní òun yóò sọ fún àlejò náà kó má wulẹ̀ wá, àti pé Kíákíá kò tún ní tẹ ilé yìí mọ́ lójú òun.

"Má pe ẹnikẹ́ni," ni káfíńtà wí. "Èmi ni."

"Ẹ má bò ó, Ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe."

Irọ́ ni, kò bò ó rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju èébú lọ. Ó fi òòlù gbá abẹ́ pẹpẹ, ó fa ègé igi kan yọ, ó sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ àbúrò rẹ̀. "Fọwọ́ kàn án."

Tíṣà fọwọ́ kàn án. "Ẹ ò mọ̀ ni, àbí?"

Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún un yẹn, gbayawu. Bó bá ní òun kò mọ̀, ọ̀rọ̀ parí, wọn yóò tún máa kí i pẹ̀lẹ́.

"N kò mọ ohun tí igi náà ń sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń sọ nǹkan."

"Ẹ sì gé e."

"Mo gé e."

Tíṣà kò bú u, kò sì sunkún. Ó nawọ́ sí ojú fèrèsé, síbi tí ọkọ̀ wà. "Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ pè é."

Ojúlówó ìrìn àjò ni ìrìn kékeré náà jẹ́. Káfíńtà jẹ́wọ́, Kíákíá sì gbọ́ ọ títí dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìdarí ọkọ̀. Ó ní ohun tó dun òun kì í ṣe igi. "Ẹ wà níbẹ̀, wọ́n ń pè mí lólè, ẹ ní kí wọ́n fara balẹ̀." Nígbà tó yá Kíákíá sọ̀ kalẹ̀, ó ní kì í ṣe nítorí ẹ̀gbọ́n òun lòun fi ń bọ̀, pẹpẹ ńlá yẹn kò ṣeé dá gbé ni.

Wọ́n kó ìwé Bàbá kúrò lórí pẹpẹ, wọ́n ń gbé pẹpẹ, káfíńtà ń fa ègé igi yọ. Ó ṣí etí tuntun kúrò lára tábìlì tòun ti fáníìṣì tó fi yangàn. Ó ń to àwọn ègé náà padà bí ìlà ara igi ṣe bá ara wọn mu, tíṣà ń dì wọ́n mú, òun ń kàn án. Nígbà tí wọ́n kàn án tán, àlàfo kan kù láàárín, ó fẹ̀ tó ọwọ́. Ó mọ ibi tí ègé yẹn lọ. Ó ti fi dáná lábẹ́ ìkòkò gúlúù tó fi ń lẹ igi ní ṣọ́ọ̀bù.

Kíákíá ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní kó gé òmíràn sí i, kó fi ọ̀bẹ ha á, ta ni yóò mọ̀? Káfíńtà mọ̀ pé òun lè ṣe é. Ó ní irú igi náà nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ sì mú. Kò sí ojú tó lè já a, àfi tirẹ̀.

Ó da ọ̀bẹ padà sínú àpò.

"Kí la ó wí," ni tíṣà bi í, "bí ọwọ́ àlejò bá débẹ̀?"

Káfíńtà gbá èérún igi jọ. Lẹ́yìn náà ló fa àga kan wá, ó gbé e sí iwájú àlàfo náà gan-an.

"Èmi ni n ó jókòó síbí lọ́la," ló wí. "Èmi ni kó bi léèrè."