Ẹ̀rin Tí Bàbá Òkúta Kì Í Kà

Ìyá tó bí Bàbá Òkúta ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó sì fi bú u ni. Nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, tó ní òun fẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ máa lu jáàsì, ìlù òyìnbó, fún ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì, ìyá béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀kì. Ẹnìkan dá a lóhùn pé òkúta ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá ní, "Ọmọ tí mo rán níwèé kó lè jókòó ní ọ́fíìsì, òkúta ló fẹ́ máa lù. Kò burú. Kí òkúta máa bọ́ ọ."

Òkúta sì bọ́ ọ. Ọdún méjìdínláàádọ́ta gbáko ló fi bọ́ ọ, ó bọ́ ìyàwó, ó bọ́ ọmọ mẹ́ta, ó tún bọ́ ìyá fúnra rẹ̀ títí ìyá fi re ibi àgbà ń rè.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ti túká. Akọrin wọn, tí wọ́n ń pè ní Kánjú, ti kú. Onígìtá wọn ń sin adìẹ. Oníbéèsì wọn ní òun ò fẹ́ gbọ́ ariwo mọ́ láyé òun, ó lọ ń gbé níbi tí kò sí nǹkan kan bí kò ṣe koríko. Bàbá Òkúta nìkan ló ṣẹ́ kù nídìí iṣẹ́, bí eyín àgbà tó ku ẹyọ kan. Ni oníṣòwò eré kan bá kó gbajúmọ̀ márùn-ún jọ, tó fi mọ́ Bàbá Òkúta, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù wọn ti wá, ó ní kí wọ́n di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n lọ ṣeré ní ìlú méjìlá.

Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láàyè láti mú orin kan wá láti inú ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Bàbá Òkúta mú Orin Ìṣáná. Orin ọkùnrin kan ni, tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ ra ìṣáná, tí kò sì padà wálé fún ọdún mẹ́sàn-án. Ìgbà tó máa dé, ó mú ìṣáná náà dání. Kò sí ẹlòmíràn tó ń kọ orin yẹn mọ́ níbi kankan. Bí kò bá sí nínú ìrìn-àjò yìí, ó parí nìyẹn. Bàbá Òkúta mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan, márùn-ún ló sì wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn láti ìlú dé ìlú. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ni Ọ̀gá Gìtá, ọkùnrin tó fẹ́ràn ètò débi pé bó bá fẹ́ sín, àfi kó kọ́kọ́ wo aago. Odidi oṣù kan tí wọ́n fi ṣe ìgbáradì, òun fúnra rẹ̀ ló ń ka orin fún wọn: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kí gbogbo wọn tó wọlé sínú orin lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n lórí ìtàgé, onílù ní í kà á. Ìyẹn ni wọn ò fi mọ ohun tó ń bọ̀ títí wọ́n fi dé ìlú àkọ́kọ́.

Orin àwọn yòókù, kò sí wàhálà. Nígbà tó kan Orin Ìṣáná, Bàbá Òkúta gbé igi ìlù sókè, ó kà á, ó lù ú, ó sì bá ara rẹ̀ nínú orin lóun nìkan. Àwọn mẹ́rin tó kù wọlé tẹ̀lé e bí ẹni tí bàtà ń há lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ìlà mẹ́rin kí Ọ̀gá Gìtá tó rí wọn kó jọ. Bákan náà ló rí ní ìlú kejì. Ní ìlú kẹta, àwọn kan nínú èrò rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì ní òtẹ́ẹ̀lì, Ọ̀gá Gìtá gbé ìwé ètò orin síwájú Bàbá Òkúta.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń yá jù."

"Èmi? Ẹ̀yin lẹ̀ ń pẹ́."

"Ẹ̀rin là ń dúró dè, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo ka ẹ̀rin."

"Ẹ ò kà á."

"Ìwọ yìí, o ò tíì mọ ìdí gìtá tí mo ti ń ka ẹ̀rin!"

Olóhùn, akọrin wọn, tó jẹ́ pé bí kò bá kọrin, a máa dápàárá, ní, "Ẹ jẹ́ ká yá ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, kó máa wá bá wa kà á. Wọ́n mọ̀ ọ́n dé ogún."

Ẹ̀rín mú kí tíì gba ọ̀nà ibòmíràn lọ́fun Oníduùrù, ẹni tó ń tẹ dùùrù fún wọn, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn. Ọ̀gá Gìtá ò rẹ́rìn-ín. Ó fa pẹ́ńsùlù yọ lẹ́yìn etí, ó fi àmì ìbéèrè kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ Orin Ìṣáná.

"Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lálẹ́ òní, màá yọ ọ́. Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Èrò ti ń fi wá rẹ́rìn-ín."

Bàbá Òkúta dìde, kò jẹun tán. Ìyàwó rẹ̀ bá a ní yàrá. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ rẹ̀ ló torí rẹ̀ bá wọn rìnrìn-àjò.

"Àwọn mẹ́rin ló ń sọ nǹkan kan náà fún ẹ, Bàbá wọn."

"Àwọn mẹ́rin ló ń pẹ́."

"Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni." Ó na omi àti oògùn sí i. "Gbé e mì, kó o tó tún bínú."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ń dán ẹ̀rọ wò ní gbọ̀ngàn ìlú kẹrin. Ìyá Béèsì, obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, tí kì í sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàsì. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ka Orin Ìṣáná kí òun gbọ́. Bàbá Òkúta kà á, ó sì lù ú díẹ̀. Obìnrin náà mú un lọ sẹ́yìn àwọn àpótí ńláńlá tí wọ́n fi ń kó ẹ̀rọ, ó yọ fóònù, ó ní, "Mo gbà á sílẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ."

Ohùn Bàbá Òkúta jáde: "Ení, èjì, ẹ̀ta." Lẹ́yìn náà, ìlù.

"Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Ibi tó yẹ kí ẹ̀rin wà, igi ìlù ló wà níbẹ̀. Bàbá Òkúta ní kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, ó jókòó sórí àpótí.

"Kánjú ni," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kíní tá a máa ṣeré, gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ni. Ẹni tí kì í lè dúró de nǹkan ni Kánjú. Oúnjẹ tí kò tíì jinná, ó ti ń bù ú jẹ. Mo ka ení, mo ka èjì, mo ka ẹ̀ta. Kí n tó ya ẹnu kan ẹ̀rin, ó ti bẹ́ sínú orin. La bá gbá tọ̀ ọ́, bí ẹni tí ewúrẹ́ gbé aṣọ rẹ̀ sá lọ. Èrò rò pé ọgbọ́n wa ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, inú wọn ń dùn. Ẹ̀rin bá di ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà kò jẹ́ kí n rí i kà mọ́, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n." Ó wo fóònù náà. "Ṣùgbọ́n mo rò pé mò ń kà á ni o."

"Ẹ máa ń kà á sínú," Ìyá Béèsì wí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá Òkúta fi ẹnu rẹ̀ kan ẹ̀rin, ó kan án kedere bí ẹni ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Àwọn márùn-ún wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n kúrò lórí ìtàgé, Ọ̀gá Gìtá pa àmì ìbéèrè rẹ́.

Àṣìṣe kankan ò sí nínú orin náà, ìyẹn gan-an ló sì ń dun Bàbá Òkúta. Orin náà wọlé bí àlejò tó nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin inú rẹ̀ lọ ra ìṣáná, ó rà á, ó padà wálé kí oúnjẹ alẹ́ tó tutù. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó ga, Bàbá Òkúta ti bá Ọ̀gá Gìtá nídìí ẹyin díndín.

"Yọ ọ́."

"Yọ kí ni?"

"Orin mi. Yọ ọ́ kúrò nínú ìwé."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mọ̀ ọ́n kà! Àná lẹ kà á pé!"

"Orin tá a ṣe lánàá, mi ò mọ̀ ọ́n. Ó jọ ọ́, àmọ́ òun kọ́. Kí wọ́n má kọ ọ́ mọ́ sàn ju kí wọ́n kọ ọ́ báyẹn lọ."

Ọ̀gá Gìtá gbé ṣíbí sílẹ̀. Òun náà ní orin kan nínú ìwé yẹn, ó sì mọ bó ṣe máa ń dun òun tí Oníduùrù bá fi ìka kan síbi tí kò yẹ. Ó ní, "Ṣé ẹ̀ta lèèyàn á kà, á sì wọlé?"

"Ẹ̀ta, o bẹ́ sí i. O ò gbọdọ̀ rò ó."

Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lọ́sàn-án, nínú gbọ̀ngàn ìlú karùn-ún, níbi tí kò sí èrò, àfi ìyàwó Bàbá Òkúta àti ẹgbẹ̀rún àga. Ìyá Béèsì rí i ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Èjìká Bàbá Òkúta ló ń wò, kò gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Oníduùrù dijú, ó sì bẹ́ sí i. Olóhùn rí i ṣe lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó ní báyìí òun mọ bí wọ́n ṣe ń ti èèyàn sódò.

Ó wá ku Ọ̀gá Gìtá. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọ́n ṣe é nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọwọ́ rẹ̀ á gbéra, á dúró lókè gìtá, á máa retí ẹ̀rin tí kò ní í dé. Òógùn bò ó. Àwọn tó kù ń wo ibòmíràn. Oníduùrù ń nu dùùrù tí kò dọ̀tí.

"Ogójì ọdún ni ọwọ́ yìí ti fi ń dúró," ni Ọ̀gá Gìtá wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Kò burú, àbúrò," Bàbá Òkúta wí. Àbúrò ló pè é, kò pè é ní Ọ̀gá. "Mo ti ní kó o yọ orin náà. Kò sí ìjà."

Ọ̀gá Gìtá wo ìwé, ó wo gìtá. "Mi ò yọ orin. Ọwọ́ mi ni màá yọ. Ẹ̀yin mẹ́ta ẹ bá Ẹ̀gbọ́n wọlé. Màá bá yín ní ìlà kejì."

Báyẹn ni wọ́n ṣe ṣe é. Lálẹ́, Bàbá Òkúta ka ení, ó ka èjì, ó ka ẹ̀ta, orin ṣí gbà bí ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn gbá. Olórí ẹgbẹ́ dúró láàárín ìtàgé, apá rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ó ń wo èrò, èrò ń wò ó. Ní ìlà kejì ó wọlé jẹ́jẹ́, bí ẹni tó dé bá ìjíròrò. Oníròyìn kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ìdákẹ́jẹ́ onígìtá náà jinlẹ̀, ó ní àgbà olórin nìkan ló lè ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Olóhùn kà á sókè nínú bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀gá Gìtá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé e, ó tọ́jú rẹ̀ sápò.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ ní ìlú kẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ. Ní ìlú kẹsàn-án, níbi tí òjò ti ń lu òrùlé gbọ̀ngàn, tí Bàbá Òkúta sì ní láti kígbe ka ẹ̀ta kí wọ́n tó gbọ́, gìtá wọlé pẹ̀lú wọn. Ó dà bí ẹni pé Ọ̀gá Gìtá gan-an ò kọ́kọ́ mọ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó rí ọmọ onílé kejì nínú yàrá òun. Ìyá Béèsì bojú wẹ̀yìn wo Bàbá Òkúta. Bàbá Òkúta ò wo ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.